Ibi Tí Bàbá Rélùwéè Ti Dákẹ́

Ìyá Kílókù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, òun kọ́ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò fún ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè kan náà ló máa ń fi kádìí ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá ti rò pé ó parí, tó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, yóò wò ó lójú, yóò ní, "Kí ló kù?" Lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ojúlówó ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sunkún níwájú rẹ̀ nítorí ìbéèrè yẹn. Agbábọ́ọ̀lù kan tí kì í sọ ju "a dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa" lọ sọ fún un pé bàbá òun kò wá wo òun lórí pápá rí títí ó fi kú.

Ojú ìwé méjì gbáko ni wọ́n máa ń fún un lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn a sì máa gé e pamọ́. Bó ṣe ń kọ ohun tí ẹni náà sọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ibi tó ti dákẹ́: "Ó wo ojú fèrèsé." "Ó bu omi mu." "Kò dáhùn." Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ló ń gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Òun náà a rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n lọ bẹ ọ̀gá kó fi kún un.

Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn náà kò tà mọ́. Kò sí ẹni tó pa á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ńṣe ló ń joro. Àwọn tó ń rà á ń darúgbó, orí fóònù sì ni àwọn ọmọ wọn ti ń ka ìròyìn. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n ní kí àwọn tẹ̀wétẹ̀wé máa lọ sílé, gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ tó máa ń gbọ̀n tìtì lọ́jọ́ Jímọ̀ sì di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Gbogbo iṣẹ́ wá kù sí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì: tábìlì gígùn kan, kọ̀ǹpútà mélòó kan, iná funfun tó ń ta síni lójú, àti tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan lára ògiri tó ń fi iye àwọn tó ń wo ohun tí wọ́n gbé jáde hàn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Olóòtú tuntun tí wọ́n mú wá, Ọ̀gá Kíákíá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ti sọ fún un pé bí nọ́ńbà ara ògiri yẹn kò bá gòkè, kí gbogbo wọn máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Nítorí náà, kì í jókòó. Ìdúró ló ti ń jẹun, ìdúró ló ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé iṣẹ́ wá fún un, yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Ó gùn tó báwo?"

Ìyá Kílókù fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó gba ọmọ òun síṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, òun nìkan ló sì tọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú. Péńpé ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí bó ṣe kéré nígbà tí wọ́n bí i, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ nígbà tó wá ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ fídíò yíyà àti gígé, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jáde lọ síṣẹ́: ìyá á máa béèrè, ọmọ á di kámẹ́rà mú. Bí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì padà, iyàn yóò bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa ń pẹ́ jù. Àwọn èèyàn kì í dúró mọ́. Tí nǹkan ò bá tètè ṣẹlẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í lọ sókè, ó parí nìyẹn."

"Èmi tí mo bí ẹ, oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Ṣé kí n fi àtàǹpàkò tì ẹ́ lọ sókè ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò á fi máa wẹ̀yìn wò wọ́n.

Ẹnì kan wà tí Ìyá Kílókù ti ń retí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbi í ní nǹkan kan. Awakọ̀ ojú irin ni, Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Nígbà tí Péńpé ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ bàbá yìí, tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ iléèwé lọ láàárọ̀, sọ ìjánu nù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú afárá. Àwọn kọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn já, wọ́n sì kó sódò. Àwọn tó ṣèwádìí ní kò jẹ̀bi. Bíréèkì ló bàjẹ́, ó sì ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn kó tó di ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí èèyàn wọn kò padà wálé kò rí ẹlòmíì tí wọ́n lè tẹjú mọ́. Bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì bá oníròyìn kankan sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Aránṣọ ni àbúrò náà, òun ló sì ń rán aṣọ Ìyá Kílókù. Bí obìnrin oníròyìn yìí bá wá wọn aṣọ, yóò bá bàbá ní igun yàrá, yóò máa fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé àwọn òwú tó yọ lára aṣọ tí àbúrò rẹ̀ ti rán tán. Wọ́n á kí ara wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá gbé sísọ́ọ̀sì lélẹ̀.

"Ìyá oníwèé ìròyìn, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan rí."

"Mò ń dúró dè yín ni, sà."

Ó mi orí. Ó ní àwọn ẹbí àwọn tó kú máa ń pàdé létí odò lọ́dọọdún, kí wọ́n lè dárúkọ àwọn èèyàn wọn. Lọ́dún yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ránṣẹ́ pé kí òun náà wá. Obìnrin tó jẹ́ alága wọn, tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn, òun ló sọ pé kí wọ́n pe òun. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ojú mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí," bàbá ló wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ohun tó wà nínú mi kí n tó dé ọ̀hún. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé."

Ìyá Kílókù ní kò sí ìwé mọ́. Ó ṣàlàyé fún un pé orí ayélujára ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, àti pé wọ́n á ní láti ya fídíò.

Ojú bàbá yí padà. "Ìwé ni mo fẹ́. Ìwé kì í wo èèyàn lójú."

"Ọmọ mi ni yóò di kámẹ́rà mú, sà."

"Ọmọ yín? Èyí tí ẹ bí?"

"Èyí tí mo bí, sà."

Ó rò ó díẹ̀, ó sì tún mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀. "Kò burú. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ni, inú ilé náà ló wà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, aránṣọ ti gbá yàrá, ó ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ti lọ ẹ̀wù funfun kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Péńpé yọ bátìrì aago ara ògiri kí ìró rẹ̀ má bàa wọnú ohùn. Ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré há bàbá láyà, ó kúnlẹ̀ ṣe é, bàbá sì ní kó rọra, kó má fi ọwọ́ pa òun lẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀ yẹn. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú àwọn kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé wọ́n jọ máa ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó ń hanrun jù. Nígbà tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo tẹ bíréèkì. Kò dá mi lóhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń pe ẹni tó ti kú? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ni mo bá ń fọn fèrè. Kò sí ohun mìíràn tó kù tí mo lè ṣe. Mò ń fọn ọ́n ṣáá, bí ẹni pé ojú irin máa gbọ́, kó yà fún wa."

"Alẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́, sà?"

"Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo sùn dáadáa. Oorun àsùnwọra. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni fẹ́ sunkún. Ìyá Kílókù kò gbin. Ọwọ́ ń ro Péńpé lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò mira. Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ láti òpin ọ̀ọ̀dẹ̀ kan dé ìkejì.

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún mi lọ́sibítù," bàbá wí níkẹyìn. "Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mo lè ṣe ara mi ní nǹkan. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti yọ. Mo rò pé mo ti pẹ́ débi iṣẹ́. Mò ń wá bàtà mi kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ló jókòó tì mí, tó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ bi àbúrò mi, mi ò sùn mọ́jú rí. Oorun yẹn gan-an ni mi ò lè dárí jì. Àwọn ìyá ń wá ọmọ wọn létí odò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Èmi ń sùn."

Aránṣọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná fi ìkángun aṣọ bo ojú rẹ̀. Omi ń dà lójú Péńpé pàápàá, ó sì jẹ́ kó máa dà, torí kò sí ọwọ́ tó lè fi nù ún.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá Kíákíá wo díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì jókòó. Gbogbo èèyàn rí i pé ó jókòó. Ó ní wọn kò tíì gbé irú èyí jáde rí láti ìgbà tóun ti dé, pé Sátidé ni odindi rẹ̀ máa jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kílókù máa kọ. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, ó fẹ́ fídíò kékeré kan tó máa fa àwọn èèyàn mọ́ra.

Ìyá Kílókù lọ jókòó sí yàrá kékeré ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Péńpé wà lórí tábìlì gígùn. Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà: agbẹjọ́rò kan tó fẹ́ díje, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ, àwọn kan tó jà níbi ìgbéyàwó. Nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun kan wà tó máa ń dá gé gbogbo ibi tí kò bá ti sí ohùn kúrò, tó sì máa ń fi lẹ́tà yẹ́lò kọ ọ̀rọ̀ tó bá le sí ìsàlẹ̀. Ó fi fídíò bàbá sínú rẹ̀. Ọ̀gá Kíákíá dé, ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Dúró! Ibẹ̀ yẹn. 'Oorun àsùnwọra.' Parí ẹ̀ síbẹ̀."

"Sà, ọ̀rọ̀ wọn ò tíì parí níbẹ̀. Wọ́n ṣì máa ṣàlàyé."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á padà wá ní Sátidé."

Péńpé wo ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ tì. Ó fẹ́ dìde, àmọ́ ọ̀gá ti ń pe orúkọ iṣẹ́ tó kàn. Ó gé e síbẹ̀. Gbogbo ohun tí fídíò náà wá di ni pé: ọkùnrin arúgbó kan tó wọ ẹ̀wù funfun ní, "Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn. Mo sùn dáadáa. Oorun àsùnwọra." Ètè rẹ̀ wá yẹ̀, bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, ó sì tán.

Àtẹ́wọ́ ni Ìyá Kílókù gbọ́. Nígbà tó jáde síta, gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ń wo ara ògiri, nọ́ńbà náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀gá Kíákíá ti rán ẹnì kan lọ ra ohun mímu tútù fún gbogbo wọn. Ìyá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé fóònù fún un. Ó wò ó tán, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Péńpé, ìyókù dà?"

"Sátidé ni, Màmá."

"Ta ló fẹ́ dúró di Sátidé?"

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá ọmọ rẹ̀. Ìyá Kílókù yíjú sí ọ̀gá, ó ní kó yọ ọ́ kúrò kíá. Ọ̀gá ń kólòlò, ó ń wo nọ́ńbà, ó ń wo obìnrin náà, ó sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti dà á kọ. Ẹnì kan ti fi orin sí i. Ẹlòmíì ti fi ṣe àwòrán bàbá tó ń sùn, tí odò ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Èébú ń wọlé bí òjò: wọ́n ní kí odò gbé òun náà lọ, wọ́n ní ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, alága àwọn ẹbí náà ti gbé fídíò tirẹ̀ jáde. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, ó gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ sáyà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. "Mo bẹ gbogbo ẹbí pé ká pè é. Mo ní ó ti tó. Ọmọ mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Inú omi ló wà." Péńpé wò ó tán, ó sì tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, wọ́n gbé odindi rẹ̀ jáde, àti ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kílókù kọ. Ọ̀gá Kíákíá fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ sórí rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ wọn ló jẹ̀bi, kì í ṣe bàbá. Àwọn tó wò ó kéré. Ọ̀pọ̀ ti lọ kí bàbá tó dé ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Àwọn tó tilẹ̀ débẹ̀, àwọn kan nínú wọn ní irọ́ ni, pé ńṣe ni wọ́n padà lọ kọ́ ọ lóhun tó máa sọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá àti ọmọ lọ sílé bàbá. Àwọn obìnrin méjì kan ń jáde bọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé, aṣọ tí aránṣọ kò tíì gé wà lábíyá wọn. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá, pẹpẹ tí aṣọ àwọn oníbàárà máa ń kún dé òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Aránṣọ kò ní kí wọ́n jókòó, kò sì lé wọn.

Bàbá wà ní igun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan lórí itan rẹ̀. Péńpé kúnlẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣe é."

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù." Bàbá na ọwọ́. "Mi ò tíì rí i. Gbogbo wọn ń sọ ọ́, mi ò ní irú fóònù yẹn. Jẹ́ kí n rí i."

Ìyá Kílókù ní, "Ẹ má wò ó, sà."

"Èmi ni mo ni ín, àbí?"

Péńpé gbé fóònù fún un. Bàbá wò ó. Ó ní kó tún un ṣe. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún jìnnà sí i.

"Èmi ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ohùn mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́." Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè sí ọmọbìnrin náà, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí nǹkan kò yé ni. "Ibi tí mo dákẹ́ ńkọ́? Mo dákẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́."

"Mo gé e kúrò, sà."

"Kí ló dé?"

Péńpé wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí òmíràn ju òtítọ́ lọ. "Àwọn èèyàn kì í dúró, sà."

Bàbá mi orí, ó tún mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó ọjà fún tó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ó dá fóònù padà fún un. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ó wí. Ó sì kọjú sí ògiri. 

Aránṣọ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wọn pé àwọn ẹbí àwọn tó kú ti pè lórí fóònù láti sọ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má wá sétí odò mọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa ṣe é léṣe. "Ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ sétí odò ni mo lọ̀ fún un lọ́jọ́ tí ẹ wá yà á," ó wí. "Ó ní kí n má lọ òmíràn. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Kílókù kò fi mọ síbẹ̀. Ó wádìí títí ó fi rí ilé alága, ó gbé kọ̀ǹpútà Péńpé lọ síbẹ̀, ó ní òun kò wá béèrè nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí, kí obìnrin náà sáà jọ̀wọ́ jókòó ti òun kí àwọn jọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó gbà. Wọ́n jókòó sórí àga kan náà nínú yàrá tí wọ́n ṣì fi bàtà iléèwé ọmọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́jẹ́, alága di apá àga mú. Nígbà tí bàbá sọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Mo wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tèmi kú, mo yá tẹlòmíì." Ó sunkún títí fídíò fi parí.

"Mo ti gbọ́," ó wí níkẹyìn. "Mo sì gbà á gbọ́. Èmi náà mọ irú oorun yẹn; wọ́n fún èmi náà ní oògùn nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, màmá. Tí mo bá di ojú báyìí, èyí tó kúrú yẹn ni mò ń gbọ́. Ó ti wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè lé e jáde."

"Ṣé ẹ lè bá bàbá sọ̀rọ̀? Lórí fóònù lásán?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n kí àyè náà tó pé, aránṣọ ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ní ìbátan. Ìyá Kílókù máa ń pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Aránṣọ ló máa ń gbé fóònù. "Wọ́n ní kí n kí yín. Ara wọn le díẹ̀. Wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀." Nígbà tó yá, kì í sọ pé ara wọn le mọ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́ sí ẹnikẹ́ni ju "ẹ ṣé" àti "ó tó" lọ. Oúnjẹ ń dín kù lẹ́nu rẹ̀. Alága pè é nígbẹ̀yìn. Aránṣọ gbé fóònù sí i létí, obìnrin náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bàbá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó fi dá a lóhùn ni, "Ẹ ṣé, ìyá." Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára tàbí kò wọ̀ ọ́. Ó kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.

Àwọn ìkànnì ìròyìn gbé ikú rẹ̀ jáde, púpọ̀ nínú wọn sì fi àwòrán ibi tí ètè rẹ̀ ti yẹ̀ sí i. Ìyá Kílókù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ó kọ nǹkan nípa bàbá, Ọ̀gá Kíákíá sì gbé e sórí ìkànnì láìbéèrè bó ṣe gùn tó. Àwọn tó kà á kò pọ̀.

Àwọn tó wá sí ìsìnkú náà kò pọ̀: àwọn ìbátan, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin àtijọ́ díẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá rìn, Ìyá Kílókù àti Péńpé. Alága náà wá. Kò wọlé; ó dúró sí ẹnu géètì itẹ́ òkú, báàgì rẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, aránṣọ rìn lọ bá a. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró tira wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò dì mọ́ra, wọn kò sì jà. Lẹ́yìn náà, alága lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà, Péńpé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, torí ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa mú owó wálé. Ó máa ń bá ọ̀gá jiyàn nípa ibi tí wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ sí, ó máa ń borí nígbà mìíràn. Wọ́n ti rìn jìnnà kó tó lanu.

"Màmá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Kí ni mo fẹ́ dárí jì ẹ́? Èmi ni mo sọ fún bàbá pé ọmọ mi ni yóò di kámẹ́rà mú. Ìyẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi gbà."

"Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀?"

 Péńpé gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, bó ti ga tó, ó ní láti tẹ̀ kóló kí orí rẹ̀ tó débẹ̀. Níwájú wọn, ọkùnrin kan gbé fóònù dání, ó ń wo nǹkan, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. Ó na fóònù sí ẹni tó jókòó tì í pé kó wá wò ó. Ìyá Kílókù yí ojú sí fèrèsé, ó sì fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn.